Ta Ló Fẹ́ Jẹ́ Ìyá Wẹ́dà?

Ẹ lọ sí òde àríyá èyíkéyìí lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ dúró de ìgbà tí olórin bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ìyá. "Ìyá Dókítà dà?" Ìyá Dókítà á dìde, á tún gèlè ṣe, á ká ìró, á wá máa rọra bọ̀ bí ẹni pé òun gan-an ló ń la ikùn èèyàn ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọ́n á pe Ìyá Lọ́yà. Wọ́n á pe Ìyá Ẹnjiníà. Owó á máa fò lójú agbo. Láti ìgbà tí mo ti ń jẹ ìrẹsì òde, mi ò tíì gbọ́ kí olórin kan pe Ìyá Wẹ́dà. Mi ò gbọ́ Ìyá Púlọ́mbà rí. Kì í ṣe pé wọn ò sí níbẹ̀ o. Wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n wọ aṣọ ẹbí kan náà, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ọmọ ọ̀kan nínú wọn ló jó irin kánọ́pì tí gbogbo wa jókòó sábẹ́ rẹ̀ pọ̀. Wọ́n kàn ń rọra jẹ ẹran tiwọn ni.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Nínú owó tí à ń kó lọ sí yunifásítì lórílẹ̀-èdè yìí, ìba díẹ̀ ni owó ìmọ̀. Èyí tó pọ̀ jù, owó orúkọ ni, orúkọ ìyá sì ni.

Ẹ wo ọmọ náà fúnra rẹ̀. Láti ọmọ ọdún méje ló ti ń tú nǹkan. Ó tú rédíò bàbá rẹ̀, wọ́n nà án. Ó tú fáànù pálọ̀, wọ́n nà án. Ó tò ó padà, fáànù ń fẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n tún nà án pé ta ló rán an níṣẹ́. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé bí iná ilé yín bá kú tí ti ìta kò kú, ọmọ yẹn lẹ ó pè. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò mọ̀ ni ìyá rẹ̀, nítorí kó tó lóyún ọmọ ló ti fi ara rẹ̀ jẹ oyè Ìyá Dókítà. Bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá ń pa adìyẹ ọdún nílé wọn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni dókítà ọ̀la yìí ń sá lọ.

Wọ́n ra fọ́ọ̀mù JAMB, ti ìdánwò àtiwọ yunifásítì, fún un. Wọ́n kọ Medicine sí i. Wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n sanwó lẹ́sìnnì, wọ́n da òróró sórí bírò, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò náà. Lọ́dún 2025, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù 1.9 ló forúkọ sílẹ̀ fún un. Nígbà tí èsì kọ́kọ́ jáde, ó lé ní mílíọ̀nù 1.5 tí kò gba 200 nínú 400. Gbogbo ayé ń bú àwọn ọmọ pé TikTok ti jẹ wọ́n lọ́pọlọ, àṣé ẹ̀rọ JAMB fúnra rẹ̀ ló ti kọsẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi l'Ékòó àti ní ilẹ̀ Ìgbò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, ọ̀gá JAMB, sunkún níwájú àwọn oníròyìn, àwọn ọmọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 380,000 sì ní àǹfààní láti tún un ṣe. Ẹ wá bá mi rò ó. A ní láti wá ẹni tó mọ ẹ̀rọ tún ṣe ká tó lè dán ọmọ tí a kò jẹ́ kó kọ́ ẹ̀rọ wò.

Ọmọ wa gba máàkì tirẹ̀, yunifásítì wo máàkì náà, wọ́n ní kó wá kọ́ Fisheries. Ẹja. Ìyá kò jẹ́ kó tì í lójú. Lọ́jọ́ Sunday ó ti dé ilé ìjọsìn: "Ọmọ mi ti wọ yunifásítì, ó ń kọ́ṣẹ́ dókítà." Wọ́n bi í pé, "Ti apá ibo, mà?" Ó ní, "Ti inú omi."

(Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja àrọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń rẹ́rìn-ín lọ sí báńkì. Ìyá yìí ni kò mọ̀.)

Ó wá ku owó. Ní 2023, Yunifásítì Èkó gbé owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 19 lọ sí òkè ẹgbẹ̀rún lọ́nà 100, ti ìjọba nìyẹn o, èyí tí wọ́n ń pè ní olówó pọ́ọ́kú. Ti aládàáni, ẹ má bèèrè níwájú bàbá ọmọ. Mílíọ̀nù ni wọ́n fi ń kà á, ọdọọdún sì ni. Bàbá ta ilẹ̀ kan, ó ku èkejì. Lọ́dún 2024 ìjọba àpapọ̀ dá ètò ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí ọmọ má bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà àfi lẹ́yìn ọdún méjì tó bá ti parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀, bó bá ti ríṣẹ́. Bó bá ti ríṣẹ́! Ìjọba náà kúkú mọ ohun tó ń sọ.

Láàárín gbogbo èyí, àwọn olùkọ́ yunifásítì náà ní tiwọn. Ọjọ́ àwọn olólùfẹ́, ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022, ni ASUU, ẹgbẹ́ wọn, yàn láti fi bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, wọn kò sì padà títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Èmi ò dá wọn lẹ́bi, owó oṣù ọ̀jọ̀gbọ́n lórílẹ̀-èdè yìí ń dójú tini. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù mẹ́jọ yẹn: ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe kéèkì, èyí tó ń kọ́ ìtàn lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé irun, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń kọ́ ìṣirò owó lọ kọ́ télọ̀. Wọ́n ti gba ìwé-ẹ̀rí báyìí, ìwé-ẹ̀rí wà nínú fáìlì. Kéèkì, irun àti aṣọ ni wọ́n fi ń jẹun. Àkókò tí ASUU kò kọ́ wọn ní nǹkan kan ni wọ́n kọ́ṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ó parí. Ó di agùnbánirọ̀. Láti 1973 tí Ọ̀gágun Gowon ti dá NYSC sílẹ̀ ni a ti ń kó àwọn ọmọ lọ sí bùdó láti lọ máa fẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Ní bùdó yìí, lẹ́yìn tí ọmọ ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún ó kéré tán nílé-ìwé, ìjọba á kó wọn jọ sábẹ́ igi, wọ́n á pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, wọ́n á wá máa kọ́ wọn bí a ṣe ń po ọṣẹ olómi, bí a ṣe ń sín ìlẹ̀kẹ̀, bí a ṣe ń gán bàtà. Ẹni tó gboyè nínú kẹ́mísírì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń kọ "ọ̀dà aláwọ̀ búlúù, ṣíbí kan" sílẹ̀. Ìjọba ń fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, kò sì sí ẹni tó gbọ́.

Ọmọ náà ń gba 77,000 náírà lóṣù fún ọdún kan yẹn. Ó parí, ó bọ́ kákí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó wáṣẹ́ kiri títí ó fi rí ọ̀kan. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin là kalẹ̀ láti 2024 ni 70,000. Àgbàlagbà tó ti gbàṣẹ́ wá ń gba owó tó kéré sí ti ìgbà tó ń fi fùlà kákí pa òòrùn. Nígbà tí a wà ní kékeré, wọ́n kọ́ wa pé bí ọmọ bá kàwé, bàtà rẹ̀ á máa sọ̀rọ̀ lójú títì. Òótọ́ ni o. Mo rí bàtà ọ̀dọ́mọkùnrin kan níwájú ọ́fíìsì lọ́jọ́sí, ìdí bàtà ti já níwájú, ó ya ẹnu sílẹ̀ gbàù. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ebi ni kò jẹ́ kó lè sọ ọ́.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé orí àwọn bàbá wa kò pé. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n gbàgbọ́. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn lóṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ọmọ àgbẹ̀ tó bá kàwé tán, ọ́fíìsì ló ń dúró dè é. Láyé ìgbìmọ̀ Udoji, nígbà tí ìjọba fi kún owó oṣù rẹpẹtẹ, ẹni tó bá jáde ní yunifásítì ń yan ibi tó wù ú láti ṣiṣẹ́, wọ́n á sì yá a lówó mọ́tò mọ́ ọn. Ní 1978, ìjọba fi kún owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san fún oúnjẹ láti 50 kọ́bọ̀ sí náírà kan ààbọ̀ lójúmọ́, gbogbo yunifásítì gbaná jẹ, wọ́n ń pariwo pé kí Ali, kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà, máa lọ. Lónìí, náírà kan ààbọ̀ kò lè ra náílọ́ọ̀nù tí wọ́n á fi di oúnjẹ náà. Bàbá tó rí ayé yẹn ló ń ta ilẹ̀ lónìí, ayé yẹn ló rò pé òun ń ra fún ọmọ òun.

Aládùúgbò mi kan wà tó gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ iná. Oyè gidi, fọ́tò rẹ̀ nínú gáùn tóbi ju tẹlifísàn ilé lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kékeré kú nígbà tí bọ́ọ̀lù kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ó wò ó lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì. Ó fa okùn títí èjìká fi ń dùn ún. Ìyàwó rẹ̀ ló wá rán ọmọ lọ pe ọmọkùnrin tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní ìkóríta. Ọmọkùnrin náà dé, sálúbàtà ẹsẹ̀ kan dúdú, èkejì pupa. Kò kí jẹnẹrétọ̀ pẹ́. Ó fi sípánà yọ púlọ́ọ̀gì, ẹnu púlọ́ọ̀gì ti dúdú kirikiri, ó fi sánpépà fá a, ó fi aṣọ nù ún, ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, fúù, fúù, ó dá a padà, ó fa okùn lẹ́ẹ̀kan péré. Iná dé. Ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta.

Ẹnjiníà ní, "Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta fún kí ni? Ṣé nítorí pé o fẹ́ atẹ́gùn sí nǹkan?"

Ọmọkùnrin náà kò bínú rárá. Ó pa jẹnẹrétọ̀, ó yọ púlọ́ọ̀gì padà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbà. Ẹ̀yin náà ẹ fẹ́ ẹ."

Ó sanwó. Bọ́ọ̀lù ti wà ní ìṣẹ́jú kejìlélógún.

Ta ni ká wá bú? Ìjọba kọ́kọ́. Ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ Yábàá lọ sí 1947, ti Yunifásítì Ìbàdàn sí 1948. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó fi ọdún kan jù ọ́ lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ ni, o ò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ wọ ọ́fíìsì ìjọba, kí ẹ wo bí ẹni tó ní HND ti ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ ṣe ń dúró, tí ẹni tó ní BSc ti yunifásítì jókòó. Àbúrò ló ń gba "ẹ káàárọ̀ sà". Nígbà tó di 1982, ètò 6-3-3-4 dé. Wọ́n ní gbogbo ọmọ á kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n ra ẹ̀rọ olówó ńlá láti òkè òkun, wọ́n pín in fún àwọn ilé-ìwé, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kò níná, ọ̀pọ̀ kò ní olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò, ẹ̀rọ sì dípẹtà nínú àpótí tí wọ́n fi kó o wá. Lóṣù kẹsàn-án 2025 wọ́n tún kéde ètò ẹ̀kọ́ tuntun: kí ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé sólà, bí wọ́n ṣe ń tún fóònù ṣe, bí wọ́n ṣe ń ránṣọ. Ó dára gan-an. Mo kàn ń gbàdúrà pé kí wọ́n rántí tú àpótí lọ́tẹ̀ yìí.

Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́-ọwọ́ náà, ẹ má rò pé mo ti gbàgbé yín. Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín àwọn oníwèé láti òkè wá, ẹ jókòó dáadáa.

Télọ̀, ìwọ tí o sọ fún obìnrin lọ́jọ́ tó ṣáájú Iléyá pé "ó ku bọ́tìnì". Ó dé ṣọ́ọ̀bù, aṣọ ṣì wà nínú náílọ́ọ̀nù tó fi gbé e wá, kò tíì fojú kan sáásì. Mẹkáníìkì, ìwọ tí o ń sọ lórí fóònù pé o ti wà lójú ọ̀nà, à ń gbọ́ bí ìyàwó rẹ ṣe ń hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Ariwo kan ṣoṣo ni mọ́tò ní nígbà tí wọ́n gbé e wá bá ọ. Ó ń lọ sílé pẹ̀lú mẹ́ta. Bíríkìlà, ilé oníbàárà rẹ kò tíì ga kọjá fèrèsé, tìrẹ ti wà lórùlé, sìmẹ́ńtì kan náà ló kọ́ méjèèjì.

Ìdí nìyí tí ẹni tó fẹ́ lẹ táìlì l'Ékòó fi ń wá ará Kútọnu tàbí ará Tógò, àwọn tí a ń pè ní Àgànyìn. Ẹ dúró wò wọ́n lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ọ̀gá wọn á rẹ táìlì sínú omi, á na okùn láti ògiri dé ògiri, á gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé e, á fi òòlù rọ́bà lù ú jẹ́ẹ́jẹ́ títí á fi jókòó. Bó bá ṣe yàrá kan tán, á padà sẹ́yìn, á kúnlẹ̀, á máa fi oríkèé ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún bí ohun tí inú rẹ̀ ṣófo, á ṣí i, á tún un lẹ̀, bẹ́ẹ̀ onílé ò sí níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Tiwa ńkọ́? Tiwa lẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ó gbowó lọ́sàn-án, nígbà tí ọyẹ́ dé, táìlì dìde kí onílé. Ọmọ onílé tó ní dìgírì, tó ti jókòó sílé láti ọdún kẹta, ló gbé omi tútù fún Àgànyìn tó wá tún un ṣe. Ẹ bi í pé kí ló dé tí kò kọ́ ọ. "Táìlì? Èmi?"

Iṣẹ́ ọwọ́ náà sì ti kó àrùn ìwé-ẹ̀rí. Ọmọ á kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Ọdún àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe ń pọnmi ni ọ̀gá fi kọ́ ọ. Ọdún kejì, bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ ọ̀gá lọ sílé-ìwé. Ọdún kẹta ló tó fọwọ́ kan irinṣẹ́. Ó wá mọ̀ ọ́n tán, wọ́n ní kò tíì lè dá dúró àfi tó bá ṣe fírídọ́ọ̀mù: owó ọ̀gá, owó ẹgbẹ́, kúlà ìrẹsì, aṣọ ẹbí, onífídíò, ìwé-ẹ̀rí nínú férémù. Ọmọ tí kò ní owó ayẹyẹ á tún fi ọdún kan sí i fọ mọ́tò ọ̀gá. Àwọn ọ̀gá kan náà ni wọ́n á jókòó nípàdé ẹgbẹ́, wọ́n á máa ké pé àwọn ò rí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mọ́, pé gbogbo wọn ti lọ gun ọ̀kadà. Kí ni kí wọ́n ṣe? Ọ̀kadà kì í bèèrè aṣọ ẹbí. Ẹ tún wá bi ọ̀gá yìí pé kí ló fẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ dà, èyí tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ń gbé lọ sílé-ìwé láràárọ̀ yẹn. "Dókítà ni, lágbára Ọlọ́run."

Ẹ ò rí i bí? Wẹ́dà gan-an kò fẹ́ kí ìyàwó òun jẹ́ Ìyá Wẹ́dà.

Àwọn tó sá lọ sókè òkun ńkọ́? Lọ́yà wa dé Lọ́ńdọ̀nù, ó ń wẹ arúgbó, ó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún wọn, iṣẹ́ tó lọ́lá ni, ṣùgbọ́n Ìyá Lọ́yà ò mẹ́nu kàn án lóde àríyá. Lọ́jọ́ tí páìpù ilé rẹ̀ bẹ́, ó pe púlọ́mbà. Púlọ́mbà ka owó tí yóò gbà kó tó wọlé rárá fún un lórí fóònù, lọ́yà jókòó sílẹ̀. Láti oṣù keje 2025, ìjọba ibẹ̀ ti ṣíwọ́ fífún àwọn tó ń bọ̀ láti òkèèrè ní físà iṣẹ́ ìtọ́jú náà. Ilẹ̀kùn yẹn ti tì. Páìpù ṣì ń bẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé mo ní kí wọ́n ti yunifásítì pa. Mo fẹ́ràn dókítà tó kàwé yanjú. Lọ́jọ́ tí ọkàn mi bá fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, mi ò fẹ́ ẹni tó máa tú u, fẹ́ atẹ́gùn sí i, tò ó padà, kí irin mẹ́ta ṣẹ́kù sílẹ̀, kó ní "ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, ọ̀gá". Ọmọ tí ìwé ń wù, tó ń jí kàwé láìsí ẹgba, ẹ ta ilẹ̀ fún un, ẹ ta èkejì pẹ̀lú. Èyí tó ń tú fáànù ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Owó ọdún kan péré ní ọ̀pọ̀ yunifásítì aládàáni, ó ra ẹ̀rọ wẹ́dà, ó ra jẹnẹrétọ̀ tó máa gbé e, ó san owó ṣọ́ọ̀bù, ìyókù á tó fún ọ̀gá gidi tí kò ní fi ọmọ pọnmi. Kò sí òbí tó máa ń ṣírò ìyẹn. Bí ọmọ bá ń lọ yunifásítì, wọ́n á ra bẹ́ẹ̀dì, fìríìjì, láptọ́ọ̀pù. Bó bá ń lọ kọ́ṣẹ́, aṣọ tó ya ni wọ́n á ní kó máa wọ̀ lọ, lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n fẹ́ kí ọ̀gá kọ́ ọ, wọ́n á sì ní òun ló bayé ara rẹ̀ jẹ́.

Ọdọọdún ni fọ́ọ̀mù JAMB ń jáde. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó sanwó rẹ̀, ẹ pe ọmọ jókòó, kí ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ ṣe, kí ẹ sì dákẹ́ kó dáhùn. Bó bá ní iṣẹ́ wẹ́dà ni, ẹ má pe pásítọ̀, ẹ má pe àfáà. Ẹ ra gíláàsì dúdú tí wọ́n fi ń bojú fún un, ojú ọmọ ṣe pàtàkì.

Ẹ̀yin olórin, ìyá ẹ̀ wà níjókòó lápá ọ̀tún, òun ló wé gèlè aláwọ̀ ewé. Ẹ pè é.